Burgh by Sands: Abúlé Gẹ̀ẹ́sì Tí Àwọn Ọmọ Áfíríkà Ṣọ́ Odi Rẹ̀

Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń pe ẹni tí ó bá fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ tí ó lọ fìdí kalẹ̀ sí ibòmíràn: a ní ó wà ní ẹ̀yìn odi. Láyé ìgbà tí odi àti yàrà yí ìlú wa ká, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àpèjúwe lásán. Ẹni tí ó bá ti kọjá ẹnu bodè ti bọ́ sí ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ àwọn tí yóò bá pàdé lọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí ni ẹ wà ní ẹ̀yìn odi lónìí, tí ẹ ti kọ́lé, tí ẹ ti bímọ, tí ẹ sì ti sin òkú sí ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá yín. Nítorí yín ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa abúlé kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí odi gidi kan ti kọjá, tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà sì wá ṣọ́ odi náà ní nǹkan bí ọdún 1,750 sẹ́yìn.

Burgh by Sands ni orúkọ abúlé náà. Bí ẹ bá pe Burgh gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i nínú ìwé, àwọn ará ibẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni yín, nítorí "Brọ́ọ̀fù" ni àwọn ń pè é. Agbègbè Cumbria ni ó wà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Carlisle, kò sì tó máìlì mẹ́wàá sí ibẹ̀. Ní àríwá abúlé náà ni ilẹ̀ abàtà kan tẹ́ pẹrẹsẹ lọ dé etí omi Solway, apá òkun tí ó pààlà sáàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, iyanrìn a hàn lọ súà, débi pé láyé àtijọ́ ènìyàn a máa fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó gun ẹṣin kọjá sí òdìkejì. Nígbà tí ó bá tún padà kún, omi a gun orí abàtà, a sì bo ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀tá lè gbà wọlé ní wákàtí kan, tí kò sì ní í lè gbà á padà ní wákàtí kejì, kì í ṣe ibi tí ọlọ́gbọ́n ọba máa ń fi sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́.

Ní ọdún 122, Hadrian tí í ṣe Késárì Róòmù gúnlẹ̀ sí Britain, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n mọ odi kan la erékùṣù náà já, láti etí omi ìlà-oòrùn dé ti ìwọ̀-oòrùn. Máìlì 73 ni gígùn rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi mọ apá ìlà-oòrùn. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Burgh wà, koríko pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì tò léra, kí wọ́n tó fi òkúta rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá. Wọ́n kọ́ ibùdó ogun mọ́ odi náà láti ibi kan dé ibi kejì, èyí tí ó sì wà ní Burgh ni wọ́n ń pè ní Aballava. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé orúkọ náà bá èso ápù tan, bí ẹni pé ọgbà ápù kan ti wà níbẹ̀ rí.

Orúkọ yìí rìn jìnnà. Ní ọdún 1725, wọ́n rí ife idẹ kékeré kan ní Rudge, ní agbègbè Wiltshire ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ orúkọ ibùdó ogun márùn-ún yí etí ife náà ká, Aballava sì wà lára wọn. Ó jọ pé ẹnì kan tí ó ti sìn ní odi ni ó gbé e dání bọ̀ wálé, gẹ́gẹ́ bí ará wa tí ó ti òkè Ọya bọ̀ ti máa ń ra bàtà awọ Kánò, kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tí ó ti wá.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọ bíbí ìlú Róòmù ni ó ń forí ti òtútù lórí odi yìí o. Ìjọba Róòmù a máa kó ọmọ ogun jọ láti inú àwọn ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ́gun, a sì máa rán ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbi tí ó jìnnà sí ilé. Nǹkan bí ọdún 25 ni irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ máa ń fi sìn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ náà ní ọmọ 20 ọdún ti di ẹni ọdún 45 kí ó tó bọ́ ìhámọ́ra, ó ti gbọ́ èdè tuntun, ó ti ní obìnrin àti ọmọ nínú àwọn ilé tí ó yí ibùdó ká, ilé bàbá rẹ̀ sì ti di ohun tí ó ń ròyìn fún ọmọ. Ní Burgh nìkan, a rí ẹ̀rí pé àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ Jámánì ti wà níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará Frisia, láti etí òkun Họ́láǹdì.

Ní ọdún 1934 ni wọ́n wá rí òkúta kan ní Beaumont, abúlé tí ó múlé gbe Burgh. Pẹpẹ ìrúbọ ni òkúta náà, èdè Látìn ni wọ́n sì gbẹ́ sí i lára. Ohun tí ó sọ ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ àwọn Mauri ti Aurelius ni ó gbé pẹpẹ náà kalẹ̀ fún Jupiter, òrìṣà àgbà tí àwọn ará Róòmù gbà pé òun ni ó ni àrá, àti fún ọlá àwọn Késárì méjì tí wọ́n jùmọ̀ ń jọba, Valerian àti Gallienus ọmọ rẹ̀. Orúkọ ọ̀gágun wọn wà níbẹ̀, Caelius Vibianus, àti ti Julius Rufinus tí ó bójú tó iṣẹ́ náà. Nítorí orúkọ Késárì méjèèjì, àwọn òpìtàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé láàrin ọdún 253 sí 258 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Orúkọ ẹgbẹ́ kan náà tún jáde nínú ìwé tí ìjọba Róòmù fi ṣe àkójọ àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 400, Aballava náà sì ni ìwé ọ̀hún pè ní ibùdó wọn. Bí àkójọ náà bá bá ìgbà mu, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ yìí lo ohun tí ó ju 140 ọdún lọ ní ojú kan. Ìran márùn-ún ni ìyẹn. Ta ni yóò tún pe irú wọn ní àlejò?

Àwọn wo ni Mauri? Àwọn ará Mauretania àtijọ́ ni, ilẹ̀ tí ó wà ní ibi tí Mòrókò àti apá kan Àlìjíríà wà lónìí. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Mauritania òde òní. Ẹ̀yà wọn kọ́ ni ẹ̀yà wa, aṣálẹ̀ Sàhárà wà láàrin wa, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ pé bàbá ńlá Yorùbá ni ó ṣọ́ odi Hadrian. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, òkúta náà sì ni ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ tí a ní pé àwọn ọmọ Áfíríkà kóra jọ gbé pọ̀ ní Britain. Àwọn kan ti dá wá ṣáájú wọn. Ní ìpẹ̀kun kejì odi náà, ní South Shields, wọ́n rí òkúta ibojì ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Victor. Mauri ni ẹ̀yà rẹ̀, ọmọ 20 ọdún ni nígbà tí ó kú. Ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ tí ó dá a sílẹ̀, Numerianus, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ni ó sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, tí ó sì kọ ọ́ sí ara òkúta náà pé òun ni òun ṣe é. Ìnáwó kékeré kọ́ ni irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan rí pàápàá, ọmọ Áfíríkà ni Késárì fúnra rẹ̀. Septimius Severus, ọmọ ìlú Leptis Magna ní Líbíà, jọba Róòmù láti ọdún 193. Ó wá sí Britain ní 208 láti bá àwọn ará àríwá jagun, ìlú York ni ó sì kú sí ní 211. Ní ọdún 212, Caracalla ọmọ rẹ̀ pàṣẹ kan tí ó yẹ kí ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi fetí sí: ó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ ọba rẹ̀ di ọmọ Róòmù, ibi yòówù tí wọ́n ìbáà bí i sí. Àwọn òpìtàn kan sọ pé nítorí kí owó orí lè pọ̀ sí i ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Vibianus gbé pẹpẹ rẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò bi àwọn Mauri Aballava léèrè bóyá ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n tàbí àjèjì.

Kí ni wọ́n ń jẹ? N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ti Burgh, ṣùgbọ́n ní York àti ní àwọn ibùdó mélòó kan ní Scotland, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìkòkò àti àwo ìdáná tí ó jọ ti àríwá Áfíríkà ní gbogbo ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ Britain ni wọ́n fi mọ ọ́n. Òye ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ṣòro fún ẹni tí ó ti rìn àjò. Ènìyàn lè gba iṣẹ́ àjèjì, kí ó gba òfin àjèjì, kí ó sì máa bọ òrìṣà àjèjì, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ni yóò ṣì máa wá kiri.

Ẹni tí ó bá dé Burgh lónìí pé òun fẹ́ wo odi yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n tan òun jẹ ni. Kò sí odi kankan tí ó dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù fi Britain sílẹ̀, òkúta gbígbẹ́ dáradára wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará ibẹ̀ kò sì fi ṣòfò. Ṣọ́ọ̀ṣì Mikaẹli Mímọ́, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún 12 sí orí ilẹ̀ ibùdó ogun náà gan-an, òkúta àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ibi tí ènìyàn yóò ti rí Aballava nìyẹn, lára ògiri ilé ìjọsìn tí àwọn ará abúlé ṣì ń wọ̀ di òní. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n fi kún ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọ̀rúndún 14 tún kún fún ìtàn tirẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn gan-an, láti inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ènìyàn sì ti ń wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn irin líle ló sì wà níbẹ̀, nítorí láyé ìgbà náà àwọn ọlọ́ṣà ààlà a máa ti òdìkejì omi wá kó màlúù lọ ní òru. Bí ariwo bá ti sọ, ibẹ̀ ni wọn yóò sá sí.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni wọ́n gbé òkú Edward kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, sí ní oṣù keje ọdún 1307. Ẹni ọdún 68 ni, ó ń lọ bá Robert Bruce ọba Scotland jà, àìsàn sì pa á nínú ibùdó rẹ̀ lórí abàtà Burgh, bí ó ti ń wo Scotland lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n mọ ọwọ̀n ìrántí sí ojú ibẹ̀ ní ọdún 1685, ó wó ní 1795, wọ́n sì tún un mọ ní 1803. Nígbà tí ó pé 700 ọdún tí ó kú, ní 2007, àwọn ará abúlé tún gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní àárín abúlé. Ọba tí kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ níbẹ̀ ti ní ọwọ̀n, ó ní ère. Àwọn tí wọ́n fi ìran mélòó kan ṣọ́ ilẹ̀ náà kò tíì ní nǹkankan.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé, nítorí ó ṣeé ṣe kí inú ẹ̀yin àgbà dùn sí i. Kì í ṣe òkúta nìkan ni wọ́n fi ń kọ́lé ní Burgh. Ilé alámọ̀ pọ̀ ní agbègbè Solway, àwọn kan wà ní Burgh tí wọ́n ti lé ní 300 ọdún tí ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn. "Dabbin" ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n a kọ́kọ́ na igi ńláńlá tí ó tẹ̀ kọrọdọ sókè ní méjì méjì, kí orí wọn pàdé láti gbé òrùlé ró. Lẹ́yìn náà ni wọn a wá mọ ògiri. Àwa mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ìpele kan gbọ́dọ̀ dúró kí ó gbẹ kí ó tó mọ èkejì lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri yóò dà wó. Ọgbọ́n tí àwọn ará Solway dá ni pé wọ́n a tẹ́ amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n a tẹ́ koríko gbígbẹ lé e, wọ́n a tún tẹ́ amọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ògiri yóò fi pé, láìdúró de oòrùn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi lè mọ ògiri ilé kan tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n agbára ẹnì kan kò lè ṣe é. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Tí tọkọtaya tuntun bá fẹ́ kọ́lé, gbogbo àdúgbò a jáde láàárọ̀, àwọn kan a po amọ̀, àwọn kan a ru omi, àwọn kan a tò ó, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, oúnjẹ, ọtí àti ijó ni. Ẹni tí wọ́n bá ti bá kọ́lé mọ̀ pé òun náà yóò jáde nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn.

Ẹ̀mí yẹn kò tíì kúrò ní agbègbè náà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gba ẹ̀bá odi Hadrian, máìlì 84, tí ìjọba ṣí ní 2003, la àárín abúlé kọjá, àwọn arìnrìn-àjò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sì ń gbà á pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ní 2022, nígbà tí odi náà pé 1,900 ọdún, àwọn abúlé àti ìlú tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ fi gbogbo ọdún ṣe àjọ̀dún, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó lè ṣe. Ní Carlisle, láti ìgbà tí wọ́n ti rí ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù lábẹ́ pápá ìṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì ní 2017, àwọn ará àdúgbò, àgbà àti ọmọdé, ni wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn láti bá àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́lẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n hú orí òrìṣà méjì tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ jáde níbẹ̀.

Ní ọdún 2016 ni àwọn Mauri Aballava tó rí àmì ìrántí tiwọn gbà. Ọkùnrin tí ó wà nídìí rẹ̀ ni David Olusoga. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ti mú kí ẹ gbé orí sókè. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1970, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ní kékeré ni ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dàgbà ní Gateshead, tí kò jìnnà sí ibi tí odi Hadrian ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, tí kò sì jìnnà sí ibojì Victor ọmọ Mauri. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, àwọn aṣẹ̀yàmẹ̀yà kọ lu ilé àwọn léraléra nítorí àwọ̀ wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣọ́ wọn, tí wọ́n sì kó kúrò nínú ilé náà nígbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé kí ó padà sí ibi tí ó ti wá.

Ọmọ yìí ka ìwé, ó di òpìtàn. Nígbà tí ó ń ṣe ètò Black and British fún tẹlifíṣọ̀n BBC, Burgh by Sands wà lára ibi tí ó mú kámẹ́rà lọ. Àwọn ará abúlé péjọ, wọ́n sì ṣí aṣọ lójú àmì ìrántí kan tí ó sọ pé ibẹ̀ ni àwùjọ àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ wọn ní Britain ti ṣọ́ ibùdó ogun Róòmù ní ọ̀rúndún kẹta. Àwọn tí wọ́n péjọ yìí, àgbẹ̀ àti ìdílé àgbẹ̀ wà nínú wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ju ti Edward lọ. Wọn kò sọ pé kí wọ́n gbé àmì náà lọ sí ibòmíràn.

Òdodo gbọ́dọ̀ wà nínú ìtàn, kódà bí ìtàn náà bá dùn mọ́ wa. Nínú ètò kan náà, wọ́n ṣe àmì ìrántí mìíràn sí East Dean ní Sussex fún obìnrin kan tí ó gbé ayé nígbà àwọn ará Róòmù, nítorí àwọn tí wọ́n wo agbárí rẹ̀ rò pé ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀síwájú tí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò láti inú ohun àjogúnbá ara, kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ àmì náà kúrò. Inú mi kò dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Egungun ni wọ́n fi ojú díwọ̀n ní East Dean. Ní Burgh, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ orúkọ ara wọn sí ara òkúta, kò sì sí àyẹ̀wò tí yóò pa ìyẹn rẹ́.

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Ọba tí ó fẹ́ lọ wò ó, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tullie ní Carlisle ni kí ó kọ́kọ́ dé, nítorí ibẹ̀ ni pẹpẹ Vibianus wà. Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ sí Burgh, kí ó wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, kí ó sì ka àmì ìrántí náà. Bí ó bá wá fẹ́ rìn síwájú gba ojú ọ̀nà abàtà lọ sí Bowness, níbi tí odi náà parí sí, kí ó kọ́kọ́ béèrè wákàtí tí òkun yóò kún, nítorí omi Solway kì í rọra dé.